Ilé Tí Kì í Dá Sùn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú ṣe ń darúgbó, kó bá Tíṣà Obed rìn ní ìrọ̀lẹ́. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tó bá ti jẹun tán nílé ara rẹ̀ lọ́nà Òkè-Ìlá, á nu ẹnu, á mú tọ́ọ̀ṣì, á mú ọ̀pá, á sì kọrí sí àárín ìlú láti lọ sùn. Àlejò tó bá pàdé rẹ̀ lè rò pé ilé àlè ni bàbá arúgbó yìí ń lọ. Ì bá sì sàn bó bá rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ń lọ sílé àlè a máa yá ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ńṣe ni Tíṣà ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Bó bá ti kọjá àwọn ilé tuntun, tó dé agbègbè ààfin, ibẹ̀ ni Ìlá àtijọ́ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn olú ìlú tí àwa Ìgbómìnà fi ń yangàn níbi gbogbo. Kí ẹni tó ń yangàn wá wò ó báyìí. Agboolé tó kún fún ìyàwó àti ọmọ rí, ewúrẹ́ ló kù síbẹ̀. Ògiri alámọ̀ ti wó, páánù ti dípẹtà, ìbẹ́pẹ ti hù nínú yàrá tí wọ́n ti bí ènìyàn, ó sì ń so. Àwọn tó ni ilé kò kú o. Wọ́n wà ní Èkó, wọ́n wà ní Ìbàdàn, àwọn mìíràn wà lókè òkun. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ pé àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ní òpópó tí Tíṣà máa ń yà sí, ilé kan ṣoṣo ló ṣì dúró. Ilé Oníkòkó ni wọ́n ń pè é. Bámgbóyè, bàbá tó bí bàbá Tíṣà, tó fi òwò kòkó là, ló kọ́ ọ: pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, òpó ńláńlá níwájú, fèrèsé onígi, àti òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sára ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ẹwà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àdán ti gba àjà, ikán ti jẹ àtẹ̀gùn, bí òjò bá sì rọ̀, ohun tó ń jò sínú yàrá kò yàtọ̀ sí èyí tó ń rọ̀ níta. Tíṣà ló ń lẹ ibi tó bá sán. Bó bá lẹ ti ìhín, ti ọ̀hún á sán.

Kí ló dé tó ní láti sùn síbẹ̀? Òfin ni. Nígbà ogun àtijọ́, wọ́n ní àwọn òbí Bámgbóyè sá kúrò nílé pẹ̀lú gbogbo ìlú. Nígbà tí wọ́n padà dé, igi ló kí wọn káàbọ̀ nínú yàrá, wọn kò sì mọ ibi tí sàréè ìyá wọn wà mọ́. Ìtàn yìí ni Bámgbóyè gbọ́ dàgbà. Lọ́jọ́ tó ń ṣí ilé tirẹ̀, ó ní ilé òun kò ní dá sùn láéláé, ẹ̀jẹ̀ òun kan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ lálaalẹ́. Ìyàwó ilé kò kà, ayálégbé kò kà. Lọ́jọ́ tí ilé bá dá sùn, ọjọ́ náà ni ìdílé yóò túká. Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó kú, wọ́n sin ín sí yàrá ìsàlẹ̀, ó sì fi àwọn tó kù sílẹ̀ pẹ̀lú wàhálà.

Wọn kì í yan ẹni tí yóò máa sùn ín, wọn kì í sì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ilé ló ń mú ènìyàn. Ọmọ ilé tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ibùsùn gba ẹnu ilẹ̀kùn àbáwọlé wọlé, tó sì fẹ̀yìn lé e, òun ni ilé mú, ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì di òmìnira. Nítorí èyí, àwọn ọmọ Oníkòkó tó bá wá sílé kì í gbé ìrọ̀rí pàápàá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń sùn. Wọ́n á ní nítorí ẹ̀fọn ni.

Bí ilé ṣe mú Obed, ẹ̀rín ni fún ẹni tí kò kàn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ ni. Àlejò ti lọ tán, ẹní tí wọ́n yá fún wọn ṣì wà káàkiri ìta, òjò sì ń ṣú. Obed kó ẹní bọ̀ wálé kó má baà tutù. Ó ti rẹ̀ ẹ́, oorun ọjọ́ mélòó kan wà lójú rẹ̀, ló bá tẹ́ ọ̀kan ní pálọ̀, ó nà sórí rẹ̀. Kò tíì di ojú tí Ìyá Àdùkẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, fi pàtẹ́wọ́ lórí rẹ̀ pé, "Ilé ti mú ẹni!" Gbogbo wọn dáhùn pé, "Ó ti mú un!" Wọ́n yọ̀ mọ́ ọn bí ẹni tó jẹ oyè. Obed jókòó lórí ẹní, ó ń wo ẹnu wọn. Ó ní, "Bó bá jẹ́ òfin ilé ni, kí ni mo lè sọ?" Láti ọjọ́ náà ló ti ń sùn síbẹ̀.

Tẹjúmádé, ìyàwó rẹ̀, bá a gbé níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Obìnrin náà gbìyànjú. Ó ń gbá ìgbẹ́ àdán láàárọ̀, ó ń gbọ́n omi òjò lálẹ́, títí àtẹ̀gùn tí ikán ti jẹ fi dá lábẹ́ rẹ̀ tó sì kán an ní itan. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n kò tún bọ̀ sípò mọ́. Ìgbà tó yá ni àwọn méjèèjì parí ilé kékeré tí wọ́n ti ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́nà Òkè-Ìlá, tí kò ní àtẹ̀gùn kankan, Tẹjúmádé sì kó lọ síbẹ̀. Obed bá a kó ẹrù, ó bá a so aṣọ fèrèsé. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó mú tọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ wọn, Ọpẹ́olúwa, ń ṣiṣẹ́ ní Kánò. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n gbà lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, kò sì padà. Nítorí náà Tẹjúmádé nìkan ló ń sùn nílé tuntun, bí ọkọ rẹ̀ ti nìkan ń sùn nílé àtijọ́. Kí a sọ òótọ́, kò sí tọkọtaya tó kọ́lé kí wọ́n lè máa sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà òjò èṣí ni ọ̀rọ̀ náà burú. Tẹjúmádé dìde lóru láti lọ tọ̀, ẹsẹ̀ yẹ̀ ẹ́, ó ṣubú sí àárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Fóònù wà lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ó pe Jésù, ó pe aládùúgbò, òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ọkọ rẹ̀ ti Ilé Oníkòkó dé, tó bá a nínú ìtọ̀ ara rẹ̀. Kò bá a jà. "Ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ṣé òjò kò pa yín lọ́hùn-ún?" Ọ̀rọ̀ yìí dun Obed ju èébú lọ. Ó gbé e dìde, ó wẹ̀ ẹ́, ó sì búra nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní tún fi òjò mìíràn bá obìnrin yìí nìkan nílé. Bí ìdílé bá pàdé ní Àjíǹde, wọn yóò wá ẹlòmíràn tí yóò máa sùn ín.

Àjíǹde dé. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Oníkòkó. Morónkẹ́, àbúrò Obed, tó ń ta oògùn ní Èkó, wá. Olúkúnlé, ọmọ àbúrò bàbá wọn, tó fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, wá. Ìyá Àdùkẹ́ jókòó sórí àga tó ga jù, ojú ti ń ṣe bàìbàì ṣùgbọ́n etí kò ṣe bàìbàì rárá. Àsíìsì ló lọ fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbé Morónkẹ́ àti Olúkúnlé ní Òṣogbo láti àárọ̀ kùtù. Ọmọ ilé lòun náà. Bàbá rẹ̀ ni àbíkẹ́yìn Oníkòkó, èyí tó di Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ọ̀tan Ayégbajú ló dàgbà sí, kò sì pẹ́ tó wá ń fi Ìlá ṣe ibùgbé.

Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò. Morónkẹ́ ya òpó, ó ya òdòdó ara ilẹ̀kùn, ó fara ti fèrèsé, ó ní kí wọ́n ya òun. Olúkúnlé ń fọwọ́ pa ògiri bí ẹni ń pa màlúù tó fẹ́ rà.

"Wọn kò lè kọ́ irú èyí mọ́ láyé," ó ní. "Bọ̀dá, ẹ wò ó bó ṣe nípọn tó!"

"Mo ń wò ó," ni Obed wí. "Lójoojúmọ́ ni mo ń wò ó."

Nígbà tí wọ́n gbàdúrà tán, Obed dìde. Tíṣà ni, ó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, ó sì ti ń to ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n nígbà tó lanu, èyí tó tò kò jáde.

"Ẹ̀yin ará mi," ó ní, "ó ti rẹ̀ mí. Mo ti sùn nílé yìí títí irun orí mi fi funfun. Ìyàwó mi ń dá sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dára. Ó ṣubú nígbà òjò, kò sí ẹni tó gbé e. Òjò mìíràn ti ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀kan nínú yín wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Àdán nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lókè.

Olúkúnlé ló kọ́kọ́ wúkọ́, ó sì sọ̀rọ̀. "Bọ̀dá, a mọ̀ pé ẹ ń ṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n ilé yìí kì í ṣe ilé lásán. Ilé ìtàn ni. Mo ti ń bá àwọn kan sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, àwọn tó mọ̀ nípa àṣà àti ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n ní irú ilé báyìí ló yẹ kí ayé máa wá wò. Bí ìdílé kan bá sọ ìtàn rẹ̀ nù, kí ló kù fún un?"

"Òótọ́ lo sọ," ni Obed dáhùn. "Ìwọ wá sùn ín."

"Èmi?" Olúkúnlé fọwọ́ kan àyà. "Èmi tí mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Dókítà mi kò fẹ́ kí n jìnnà sí òun rárá."

Obed yíjú sí àbúrò rẹ̀. Morónkẹ́ ti ń wo fóònù.

"Morónkẹ́."

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Èmi tí mo ní ọkọ nílé?"

"Èmi náà ní ìyàwó nílé," ni Obed wí.

Ìyá Àdùkẹ́ mí kanlẹ̀, ó sì fi ojúlówó Ìgbómìnà rẹ̀ sọ pé bàbá òun kò fi òfin yẹn sílẹ̀ kí wọ́n máa bá a jiyàn lórí sàréè. Bí gbogbo wọn bá ń sọ pé ó rẹ àwọn, ta ni kò rẹ̀? Ó rẹ òun náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Morónkẹ́ wá bọ́ sí àárín, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ẹ má bínú, Bọ̀dá. A ti rò ó kí a tó kúrò lọ́hùn-ún, a kò fẹ́ kí ẹ máa jìyà mọ́. Èmi àti Olúkúnlé ti ra nǹkan fún yín. Ẹ ó wò ó, ara yín á sì tù yín!"

Fóòmù ni. Fóòmù tuntun tó nípọn, tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀, tí wọ́n dè mọ́ orí bọ́ọ̀sì Àsíìsì láti Òṣogbo. Wọ́n fẹ́ kí Obed máa sùn dáadáa nílé tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba òun kúrò nínú rẹ̀. Obed wò ó. Ó dà bí ẹni tó ní kí wọ́n tú okùn lọ́rùn òun, tí wọ́n sì lọ ra okùn tó rọ̀ fún un. Ó dúpẹ́. Kí ni kò ní dúpẹ́ sí? Wọ́n ti tọ́ ọ dáadáa, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ẹ̀bùn lójú àwùjọ.

Wọ́n padà jókòó, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì fọwọ́ kan fóòmù náà. A ti sọ ìdí rẹ̀ ṣáájú. Morónkẹ́ ní kí wọ́n wá alábàárù kan lọ́jà tí yóò gbé e wọlé. Níbi tí wọ́n ti ń sọ ìyẹn, Olúkúnlé tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé ìtàn, ó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ Bámgbóyè sára ògiri níwájú kí àlejò lè máa rí i. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Obed kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Tẹjúmádé àti ohun tí òun yóò sọ fún un bí òun bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́ láti jẹun.

Àsíìsì ní tirẹ̀ kò sí nínú ìpàdé. Ó ti wà lórí ìjókòó awakọ̀ láti ìgbà tó ti kí ìrun àárọ̀ tán, ẹ̀yìn ń ro ó, ó sì ń ronú nípa àwọn èrò ọkọ̀ tó fẹ́ gbé lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹrù ni fóòmù lójú awakọ̀. Bí kò bá sọ ọ́ kalẹ̀, kò lè gbé èrò. Ló bá tú okùn, ó gbé e lórí, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn àbáwọlé kọjá láìsí ẹni tó kíyè sí i, ó bá yàrá tí Obed ń sùn ní ìsàlẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀. Fóòmù náà tutù, ó rọ̀. Ó ní kí òun na ẹ̀yìn díẹ̀. Ìgbà tí ohùn rẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn ìhanrun ni.

Ìyá Àdùkẹ́ ló kọ́kọ́ gbọ́. "Ta ló ń hanrun?"

Wọ́n dìde lọ wò. Àsíìsì nà gbalaja lórí fóòmù, ẹnu là, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀. Morónkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Olúkúnlé wo ilẹ̀kùn àbáwọlé, ó wo fóòmù, ó tún wo ilẹ̀kùn. Inú rẹ̀ sì dùn, ó hàn lójú rẹ̀ gbangba.

"Ta ló gbé e wọlé?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Òun fúnra rẹ̀ ni, Ìyá."

Ìyá Àdùkẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ilé ti mú ẹni!"

"Ó ti mú un!" Morónkẹ́ àti Olúkúnlé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn sì ròkè ju ti ìgbà tí wọ́n ń kọrin àdúrà lọ. Olúkúnlé ní kí Olúwa fún un ṣe. Morónkẹ́ ní ọ̀dọ́ ló yẹ kó máa ṣe é tẹ́lẹ̀, agbára wà lára rẹ̀.

Àsíìsì ta jí, ó jókòó, ó ń nu itọ́ lẹ́nu. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé mo dí yín lọ́wọ́ ni?"

Wọ́n ṣàlàyé fún un. Gbogbo wọn ló ń ṣàlàyé pọ̀, bí ẹni ń kí ọkọ ìyàwó. Obed dúró ti ilẹ̀kùn. Ìdùnnú ti dé bá a, ó sì mọ̀ ọ́n. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó rí bẹ́ẹ̀dì ilé tuntun lójú inú, ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀ ní alẹ́ yìí, tí Tẹjúmádé bá sọ pé òun fẹ́ dìde, tí òun á sì na ọwọ́ sí i. Kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Kò tan ẹnikẹ́ni. Òfin ló tú u sílẹ̀, bí òfin ṣe mú un.

Àsíìsì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "N kò mọ̀ o," ó ní. "Ẹ̀yìn ló ń ro mí. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò tíì pé ogójì ọjọ́. Òun nìkan ló máa ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ bí mo bá..." Kò parí rẹ̀. Ó wo Ìyá Àdùkẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ níbi tó wà. "Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òfin ilé ni, kí ni mo lè sọ?"

Obed gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ ni, kò yọ ẹyọ kan kúrò. Ó wo ọmọkùnrin yìí lórí ilẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó sì mọ bí gbogbo rẹ̀ yóò ṣe rí: òjò àkọ́kọ́, ìyàwó tó ń gbé ọmọ jòjòló nìkan, fọ́tò lẹ́nu ilẹ̀kùn ní Àjíǹde kọ̀ọ̀kan, títí irun ọmọ yìí náà yóò fi funfun. Ìbínú dìde nínú rẹ̀. Ó bínú sí Oníkòkó nínú ilẹ̀, ó bínú sí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́, ó sì bínú jù lọ sí ara rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ti kọ́kọ́ dùn.

"Dìde," ó ní. "Gbé fóòmù yẹn padà sórí ọkọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ní kí o gbé e. Ẹ̀bùn mi ni. Ilé mi ló ń lọ."

"Obed!" Ìyá Àdùkẹ́ fi ọwọ́ lu itan ara rẹ̀. "Ta ni yóò wá sùn níbí lálẹ́ òní?"

"Kò sí, Ìyá."

"Ilé bàbá mi kò ní dá sùn!"

"Ìyá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ̀yin náà. Kò sí èyí tó sún mọ́ ọn tó yín. Yàrá tí wọ́n bí yín sí nìyẹn, mo gbá a láàárọ̀ yìí."

Ìyá àgbà yí ojú sí ibi tí ògiri wà. Ó ní òun kò ríran mọ́, àti pé ọ̀dọ̀ ọmọ òun obìnrin ni wọ́n ti ń fún òun lóògùn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Obed ti fèrèsé, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ó da omi inú bàsíà nù. Ó mú Bíbélì rẹ̀ àti aṣọ ìbora. Ó dúró díẹ̀ lẹ́bàá sàréè bàbá bàbá rẹ̀, ó sì jáde. Nígbà tí gbogbo wọn wà níta, ó ti ilẹ̀kùn àbáwọlé, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí wọn.

"Ẹ gbà."

Ẹ wá wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe. Olúkúnlé ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Morónkẹ́ ń wá nǹkan nínú báàgì. Ìyá Àdùkẹ́ ní kí wọ́n fa òun lọ́wọ́, ilẹ̀ kò tẹ́jú. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ilé náà, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò rí ọwọ́. Obed gbé e lé etí fèrèsé níwájú wọn. Olúkúnlé ní ọ̀nà Ìbàdàn jìn. Morónkẹ́ tún ya fọ́tò kan, ó ní bóyá èyí tó kẹ́yìn nìyẹn, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀ ní tòótọ́. Ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n wọ̀ lọ sí Òṣogbo.

Àsíìsì fi bọ́ọ̀sì gbé Obed lọ sílé. Wọ́n kọjá ààfin, wọ́n kọjá ọjà. Lójú ọ̀nà ni Àsíìsì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, Obed ní kó wo iwájú kó máa wa ọkọ̀. Ó ń retí ìbẹ̀rù. Ó rò pé bí òun bá ti kúrò níbẹ̀, nǹkan kan yóò gbá òun láyà, ó kéré tán kí ẹsẹ̀ máa gbọ̀n. Kò sí nǹkan kan. Àárẹ̀ nìkan ló wà, irú èyí tó máa ń dé bá ènìyàn nígbà tó bá sọ ẹrù kalẹ̀, tó wá mọ bí ó ti wúwo tó.

Tẹjúmádé wà ní ìloro, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó rí fóòmù tí Àsíìsì ń tú, ó rí Bíbélì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí itan.

"Ta ló gbà á, Bàbá Ọpẹ́?"

"Kò sí ẹni tó gbà á."

"Ta ló wá ń sùn níbẹ̀?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ń bọ̀ wálé."

Obed ti ro bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí. Ó ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún: á pariwo, á kọrin ọpẹ́, bóyá á tilẹ̀ jó díẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tẹjúmádé kò pariwo. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wò ó bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò kan tí kò fẹ́ pé.

"Ẹ kàn ti ilẹ̀kùn?"

"Mo kàn tì í."

"Ilé kò wó?"

"Kò wó."

"Ẹnikẹ́ni kò kú?"

"Ẹnikẹ́ni kò kú, Tẹjú."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Àsíìsì ti gbé fóòmù wọlé, ó sì ti ń padà sí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń kí wọn pé ó dàárọ̀.

"Àwọn wo ló ní kí ẹ máa bọ̀?" ni Tẹjúmádé béèrè.

"Kò sí ẹni tó ní kí n máa bọ̀. Èmi ni mo dìde."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, kò sí ìjà nínú rẹ̀ rárá. "Ó túmọ̀ sí pé kọ́kọ́rọ́ yẹn, ọwọ́ yín ló wà lálẹ́ ọjọ́ tí mo ṣubú."

Wọ́n ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Tíṣà Obed, tó ti kọ́ ìdajì ọmọ Ìlá ní ọ̀rọ̀ọ́ sọ, kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ìloro níwájú ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ mi ló wà."

Tẹjúmádé kò ní kó dìde. Ó fa àwo ẹ̀wà padà sórí itan, ó sì ń ṣa á lọ títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wọn lára.